Kíláàsì Dókítà Lyle

Ajá ni Bàbá Emil Dravecky kọ́kọ́ rí nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Ó sùn gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hanrun. Bàbá rọra gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì dúró gbagidi. Aago onígi tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, kò sí lára ògiri mọ́. Ṣíbí fàdákà tí ìyá rẹ̀ gbé sọdá òkun wá, kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sáré wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olè ti gbé àkọ́díọ̀nù rẹ̀ lọ, dùrù tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà tí wọ́n ń fà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, èyí tó fi fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà tó sì tún fi sin ín.

Sájẹ́ǹtì Inez Ochoa, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú Orrin Mills ní ìpínlẹ̀ Ohio, dé kí bàbá tó rí omi mu. Obìnrin kúkúrú ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ajá yìí ò gbó?"

"Ó dití."

"Ta ló mọ̀ pé ó dití?"

"Èmi. Òun náà mọ̀."

Ochoa yí ilé ká. Fèrèsé ẹ̀yìn ni olè gbà wọlé, èyí tí ìkọ́ rẹ̀ ti já láti ìgbà òtútù. Ó sì mú àkókò tí bàbá máa ń jókòó mu kọfí pẹ̀lú àwọn ará ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Kò tú àpótí kankan wò, kò fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Tààrà ló lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Olè yìí ò wá nǹkan kan kiri," Ochoa sọ. "Wọ́n júwe fún un ni. Ilé kẹta rèé tó máa ṣe báyìí. Ta ló ń wá sílé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń wá sílé arúgbó, àfi Verna. Verna Stutzman, wọ́dà ni. Ó máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Ọmọ dáadáa ni, ó tún ń lọ sí yunifásítì báyìí."

Ojú Ochoa dúró lójú bàbá. Àwọn méjì tí olè ti jà ṣáájú, irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sọ: kò sẹ́ni tó wá, àfi ọmọ dáadáa kan tó ń lọ sí yunifásítì.

Ẹnu iṣẹ́ ni Verna ti gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń ka ìròyìn náà sókè fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń yin olè bí ẹni yin agbábọ́ọ̀lù. "Ẹ gbọ́ ná, ó mọ̀ pé ajá dití! Ẹ̀yin Àǹtí Wọ́dà, ẹ̀yin lẹ níwèé, ẹ sọ fún wa, ibo ni wọ́n ti ń kọ́ irú eléyìí?"

Verna mọ ibẹ̀. Ó rìn lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀, ó di orí mú. Òun ló kọ ọ́ pé ajá dití. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìkọ́ fèrèsé, àti kọfí ẹ̀yìn ìsìn, àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ ọ́ dáadáa débi pé olùkọ́ rẹ̀ fún un ní máàkì tó ga jù, ó tún kà á sókè fún gbogbo kíláàsì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ti sú Verna kó máa ti ilẹ̀kùn irin mọ́ àwọn èèyàn. Ó fẹ́ di òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, irú àwọn tó máa ń mójú tó ẹni tí adájọ́ bá dá sílẹ̀ kó má bàa padà sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní àfi tó bá gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ ìdájọ́ ọ̀daràn. Ó lọ bá olùdámọ̀ràn ní yunifásítì ìjọba. Ìyẹn tẹ́ àwọn kọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún un bí ẹni tẹ́ ẹní: ó máa kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, ó máa ṣe èdè, ó máa ṣe ìmọ̀ àwùjọ, ó dìgbà tó bá yege nínú ìwọ̀nyẹn kó tó fojú kan òfin ìwà ọ̀daràn, ó dìgbà tó bá mọ òfin kó tó kan ìwádìí, lẹ́yìn ìwádìí, sìtátísíìkì. Pẹ̀lú iṣẹ́ tí Verna ń ṣe, lọ́sàn-án lónìí, lóru lọ́la, ọmọ rẹ̀ á ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, á ti relé ọkọ, kí ìyá tó parí. Verna dúpẹ́, ó jáde, ó jókòó sínú mọ́tò, ó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbọ́ nípa Dókítà Prescott Lyle.

Ọ́fíìsì Dókítà Lyle wà nínú ilé ìtajà ńlá tí àwọn oníbàárà ti sá fún, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà tẹ́lẹ̀. Òórùn awọ ṣì wà níbẹ̀. Ó de táì tó rí bíi labalábá mọ́rùn, ó fi awò sójú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí inú rẹ̀ ti ń dùn kó tó rí ọ. Ó ní òun ni aṣojú Yunifásítì Ambrose Vail ní ìlú yìí, pé olówó kan tó ti kú ló fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ bíi Verna lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó fọ́ gbogbo wọn lójú nìyẹn. Àwọn wọ́dà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó ń gba ìpè pàjáwìrì fún ọlọ́pàá, gbogbo wọn ti rí gbájúẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ tí wọ́n mọ̀ máa ń béèrè owó ni.

Ó gba ètò kọ́ọ̀sì tí yunifásítì ìjọba ṣe fún Verna, ó mú pẹ́ńsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà gàràgàrà.

"Ìṣirò? Fún kí ni? Ṣé ẹ fẹ́ ka olè ni, àbí ẹ fẹ́ mú un?"

Verna rẹ́rìn-ín.

"Sìtátísíìkì? Ẹ jẹ́ kí n gbà yín lọ́wọ́ ìyà." Ó fa ìlà mìíràn. "Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọ̀daràn gbélé fún ọdún gbọọrọ! Dípò èyí, ẹ máa jáde lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún mi. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà ni Ojú Olè."

Kọ́ọ̀sì Ojú Olè rọrùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ilé kan tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n á ti fún un ní àga. Kó wo ilé náà bí olè ṣe máa wò ó. Kó kọ ibi tí olè máa gbà wọlé, ìgbà tó máa wá, ohun tó máa gbé. Kó fọwọ́ kọ ọ́, kó má ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nítorí òfin àṣírí. Bí wọ́n bá ti fi jíṣẹ́, Dókítà á kó o lọ.

Verna yan ilé Bàbá Dravecky. Ó gbé ọbẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá gé búrẹ́dì alásálà fún un, ó gbé àkọ́díọ̀nù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi orin ìlú baba rẹ̀ dá a lára yá. Bí bàbá ti ń kọrin tí ó dijú, bẹ́ẹ̀ ni Verna ń wo fèrèsé.

Nígbà tí Verna jáde nílé ìyàgbẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ náà, Dewey Hatch ló kọ́kọ́ pè. Ẹ̀ṣọ́ ni Dewey ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà.

"Dewey, ilé ta lo kọ nípa rẹ̀?"

"Ti àbúrò ìyá mi. Kí ló dé?"

"Ṣé kì í ṣe pé olè ti jà níbẹ̀?"

"Olè jà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá! Ibi tí mo ní ó máa gbà gan-an ló gbà. Verna, mo sọ fún ẹ, a ti mọ iṣẹ́ yìí!"

"Dewey."

"Hẹn?"

"Jókòó, kí o ronú."

Ohùn Dewey wálẹ̀. "Máàkì wa ńkọ́?"

Verna pa fóònù. Ó wa mọ́tò tààrà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà. Ó bá Dókítà Lyle tó ń mu tíì.

"Ilé Bàbá Dravecky," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ jà á lólè."

Ọkùnrin náà ò bínú. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ta ló wo fèrèsé rẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wò ó."

"Ta ló kọ ọ́? Ọwọ́ ta ló wà lórí ìwé náà? Tèmi ni?" Ó gbé ife sílẹ̀. "Verna, mo ní iṣẹ́ yín níbi tó pamọ́. Bí ẹ bá pariwo, ọlọ́pàá á rí i. Wọ́n á rí wọ́dà tó jẹun nílé arúgbó, tó sì júwe bí wọ́n ṣe máa jà á lólè. Ẹ̀wọ̀n tí ẹ ń ṣọ́ náà ni wọ́n máa fi yín sí. Àwọn tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ á kí yín káàbọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ padà sílé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣì wà o."

Lyle ò dúró kí Verna ṣèpinnu. Kí obìnrin náà tó délé, ó ti tẹ ọlọ́pàá láago. Ó fi ohùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kan wà tí ọ̀rọ̀ fèrèsé ilé onílé ti gbà á lọ́kàn jù, pé òun ti lé e kúrò ní kíláàsì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Verna jókòó síwájú Ochoa.

"O mọ̀ pé ajá náà dití?"

"Mo mọ̀."

"O mọ ìkọ́ fèrèsé?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ta lo sọ fún?"

"Olùkọ́ mi. Iṣẹ́ kíláàsì ni."

Ochoa gbé gègé sílẹ̀. "Iṣẹ́ kíláàsì. Wọ́n ní kí o kọ bí wọ́n ṣe máa jalè nílé ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ náà sì kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ti ṣe wọ́dà láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò bi ara rẹ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀gá Verna ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti gba káàdì àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Omi lé e lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó já bọ́.

"Ẹ fún mi láyè kan ṣoṣo," ó ní. "Ẹ bá mi wá ilé kan. Dewey Hatch ṣì ń lọ sí kíláàsì náà, olùkọ́ ò tíì fura sí i. Ẹ jẹ́ kí Dewey kọ nípa ilé náà. Bí kò bá sẹ́ni tó wá, ẹ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn sí mi lọ́wọ́, mi ò ní jà."

Ochoa rántí àwọn ọmọ dáadáa tó ń lọ sí yunifásítì. "Ìyá ọkọ mi ń gbé létí oko elégédé," ó sọ níkẹyìn. "Inú rẹ̀ á dùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sọ pé iṣẹ́ mi ò ní láárí."

Ó kù kí wọ́n bá Dewey sọ̀rọ̀. Ìyẹn janpata. Ó ní kò tíì sí nínú ìran àwọn ẹni tó súnmọ́ oyè tó yìí. Verna ní kò sí oyè kankan. Dewey ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dun òun. Níkẹyìn ó jókòó, ó kọ ọ́: pé ní ọ̀sán Sátidé gbogbo ará ilé náà máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́, pé kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ amọ̀ tó wà nínú ọgbà, pé owó wúrà tí olóògbé bàbá ilé fi sílẹ̀ wà nínú agolo ìyẹ̀fun ní kíṣíìnì. Dókítà Lyle kà á, ó gbọn orí, ó sì fún un ní máàkì kékeré nítorí sípẹ́lì. Dewey bínú débi tó fi jẹ́ pé láti ìgbà náà lọ kò ṣiyèméjì mọ́. "Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀dá yẹn," ó wí.

Ọ̀sán Sátidé dé. Oòrùn ràn, oko elégédé kún fún ìdílé tó ń ra elégédé fún ọdún iwin tó ń bọ̀, tí wọ́n máa ń gbẹ́ ojú sí i lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni oko àgbàdo tí àgbẹ̀ náà gé ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ sí, kí àwọn ọmọdé máa sọnù nínú rẹ̀ ṣeré. Ochoa àti ọlọ́pàá kan fara pamọ́ sínú ilé. Ó ti kìlọ̀ fún Verna àti Dewey pé kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò láàárín mọ́tò àwọn oníbàárà, kí wọ́n má jáde.

Mọ́tò akẹ́rù funfun kan yọ, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa fífọ kápẹ́ẹ̀tì sí i lára. Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́, kò sí táì lọ́rùn rẹ̀, kò sí awò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Verna mọ ìrìn náà. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ amọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó wọlé bí onílé. Ó lọ tààrà sí kíṣíìnì, ó ṣí agolo, ó sì ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà," Ochoa wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lyle ò dáhùn. Ó gbé agolo, ó da ìyẹ̀fun sí Ochoa lójú, èyí tó kù dà lé òun fúnra rẹ̀ lórí, ó gbá ọlọ́pàá kejì ní agolo mọ́ àyà, ó sì já síta láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó sáré sí mọ́tò rẹ̀. Dewey ti jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ pọ̀, ó dà bí àpáta. Lyle yí padà. Ó fo ọgbà, ó ṣubú, ó dìde, ó sáré gba àárín elégédé kọjá, ó sì wọ inú oko àgbàdo.

Ọmọbìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kígbe: "Bàbá, ẹ ò tíì sanwó!"

Nínú oko náà, àwọn ọmọdé rí ọkùnrin kan tó funfun láti irun dé ìgbáròkó, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń sáré bọ̀ wá bá wọn. Wọ́n hó yèè. Wọ́n rò pé ara eré ni. "Iwin! Iwin dé!" Bó bá yà sọ́tùn-ún, wọ́n á tẹ̀ lé e, bó bá yà sósì, wọ́n á pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà jáde?" ó bi ọmọ kan.

Ọmọ náà nawọ́ síwájú tìdùnnútìdùnnú. Ọ̀nà tó fi hàn án ò já síbì kan.

Verna ò lè jókòó mọ́. Ó sáré gun pẹpẹ onígi gíga tó wà láàárín oko náà, ibi tí àwọn òbí máa ń dúró sí wo ọmọ wọn. Ó rí gbogbo rẹ̀ kedere: àwọn ọ̀nà tó lọ́ mọ́ra, fìlà ọlọ́pàá méjì lápá kan, orí funfun kan lápá kejì tó ń yí ojú kan náà ká.

"Sájẹ́ǹtì! Ẹ yà sósì! Rárá, òsì kejì! Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín!"

Lyle gbọ́ ohùn náà. Ó dúró, ó gbójú sókè. "Verna! Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín! Mo ṣì ní iṣẹ́ yín lọ́wọ́, mo lè jó o, kò sẹ́ni tó máa rí i! Ẹ kàn fọ̀nà hàn mí!"

Ìṣẹ́jú kan wà tí ọ̀rọ̀ náà wọ Verna létí. Ó rí iná tó ń jó ìwé náà lójú inú rẹ̀, ó rí i tí ohun gbogbo padà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ọkùnrin náà, ó pariwo, "Ibí ló wà! Ibí ló dúró sí!"

Ochoa gbá a mú níbi tí ọ̀nà ti pin. Ìyẹ̀fun bo òun náà, àwọn ọmọdé sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún eré náà ṣe.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, orúkọ ọkùnrin náà jáde: Garth Tubbs. Kò sí Yunifásítì Ambrose Vail níbi kankan láyé. Awò rẹ̀, gíláàsì lásán ni. Àwọn ẹrù tó jí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú àwọn àpótí bàtà àti lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró de oníbàárà láti ìlú mìíràn. Wọ́n jẹ́ kí Verna dúró lẹ́yìn gíláàsì gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ṣé o kàwé rí?" Ochoa bi í.

"Ẹ̀kọ́ ìdájọ́ ọ̀daràn. Mo pa á tì lọ́nà."

"Kí ló dé?"

"Sìtátísíìkì."

Ọlọ́pàá kejì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé tí o ò lọ wo àwọn ilé náà fúnra rẹ?"

"Èmi?" Garth Tubbs rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. "Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi? Ta ló máa gé búrẹ́dì fún mi? Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fẹ́ràn. Mo kàn ní kí wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ràn wọn, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa jà á lólè. Àwọn àgbà, Sájẹ́ǹtì! Wọ́dà! Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó béèrè pé nítorí kí ni. Máàkì ni wọ́n ń béèrè."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo ilé tó jà, ó fọwọ́ sí i. Adájọ́ fi í sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Wọ́n kó ẹrù padà fún àwọn tó ni wọ́n. Àbúrò ìyá Dewey gba wúrà ọrùn rẹ̀ padà, ó fi ẹnu kò ó, ó sì gbá Dewey létí. Wọ́n dá Verna padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìkìlọ̀ líle. Ní ti àwọn ọmọ kíláàsì Ojú Olè, àwọn mélòó kan lọ bá Ochoa ní àgọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yunifásítì ìjọba máa ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí nǹkan. Ochoa ní bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n kà á sí nǹkan, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, òun á fún adájọ́. Ọ́fíìsì ṣófo kíákíá. Obìnrin tó ń gba ìpè pàjáwìrì ò kí Verna mọ́ títí dòní. Ó ní Verna ló ba ayé àwọn jẹ́.

Bàbá Dravecky nìkan ni Verna ò tíì lè fojú kàn. Nígbà tó lọ, kò gbé ọbẹ̀ dání. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, bàbá sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Gbogbo rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ fún yín fúnra mi."

"Ọlọ́pàá ti sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mò ń bínú." Bàbá gba ẹnu ọ̀nà mú. "O ń jẹ búrẹ́dì mi. Mò ń kọrin ìyàwó mi fún ẹ, ojú mi wà ní dídì. Ibo lò ń wò?"

Omijé tí Verna ti ń dì mú láti ọ̀dọ̀ Ochoa ló wá ya báyìí, kò sì nù ún.

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Verna ti yí padà kó máa lọ nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Àkọ́díọ̀nù ni bàbá gbé kọ́ àyà.

"Mi ò tíì lè jẹ́ kí o wọlé," ó ní. "Jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá olè yẹn ba nǹkan mi jẹ́, etí tèmi ò dá mi lójú mọ́."

Verna jókòó. Bàbá jókòó sórí àga lókè rẹ̀, ó fa dùrù náà, ó gbọ́ ọ, ó tún fà á. Ọ̀kan nínú bọ́tìnnì rẹ̀ ń há.

"Ṣé o gbọ́ ìyẹn?"

"Mo gbọ́, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní lílà sílẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ó ń wo ẹ̀yìn orí Verna.